Sweetwater Clifton: Sẹ́ńtà tí kò ga tó, tó dojú kọ àwọn òmìrán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń yẹ ìgbésí ayé Nathaniel Clifton wò, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Sweetwater. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fọwọ́ jù sínú apẹ̀rẹ̀, ni ọkùnrin náà fi jẹun. Ipò tó gbá nínú eré ọ̀hún, ipò àwọn òmìrán ni, bẹ́ẹ̀ Clifton kì í ṣe òmìrán láàárín wọn. Láti ọdún 1990 ló ti papò dà, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò tíì gbó.

Kí ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ eré yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Èèyàn márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá. Wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńtà ló máa ń wà nítòsí apẹ̀rẹ̀ náà. Òun ni òpómúléró ẹgbẹ́. Òun ló ń dí àwọn alátakò lọ́wọ́ kí wọ́n má baà ju bọ́ọ̀lù wọlé, òun ló ń fò já bọ́ọ̀lù gbà tí ẹnìkan bá jù ú tí kò wọlé, òun náà ló sì ń gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ láti jù ú sínú. Nítorí náà, ẹni tó bá ga jù lọ nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tó gba ife NBA pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston Rockets lọ́dún 1994 àti 1995, sẹ́ńtà lòun náà, ó sì ga sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà méje. NBA yìí ni líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ ni gíga ti Clifton. Nílé wa níbí, ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní láti tẹrí ba kó tó wọ ọ̀pọ̀ yàrá, ṣùgbọ́n láàárín àwọn sẹ́ńtà, ẹni kúkúrú ni. Ìbéèrè tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri máa ń bi ara wọn títí dòní ni pé, ṣé ẹni tí kò ga tó lè ṣe iṣẹ́ sẹ́ńtà, kó sì fi jẹun? Ìgbésí ayé Clifton dáhùn ìbéèrè náà, àmọ́ ìdáhùn ọ̀hún kò lọ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lérò.

Ọmọ tó fẹ́ràn omi dídùn

Ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ England, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ẹ má ṣì í gbọ́ o, kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń wí. Ìlú kan ní gúúsù Amẹ́ríkà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Clifton ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Nathaniel sì ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Chicago. Lákòókò náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń fi gúúsù sílẹ̀ nítorí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìṣẹ́, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá.

Sweetwater tí wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni omi dídùn. Ìfẹ́ tó ní sí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ló bí orúkọ ìnagijẹ náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé owó tí wọ́n á fi rà á kì í sábà sí nílé wọn, ọmọ náà á wá bu omi sínú ìgò, á da ṣúgà sí i, á sì máa mu ún bí ẹni mu ẹlẹ́rìndòdò. Orúkọ yìí ló bá a dàgbà, òun náà ló sì bá a lọ sí sàréè.

Iléèwé girama DuSable ní Chicago ló lọ, ó sì jáde níbẹ̀ lọ́dún 1942. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníròyìn fẹ́ máa kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, ṣùgbọ́n Nathaniel gùn jù fún àkọlé ìròyìn wọn. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n yí i po: Clifton di orúkọ ìdílé, Nathaniel di orúkọ àbísọ. Àwa tí à ń kọ ìròyìn sínú àyè tó há mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí.

Lẹ́yìn girama, ó lọ sí yunifásítì Xavier ní New Orleans, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀ tí Ogun Àgbáyé Kejì fi pè é. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe sójà, wọ́n sì rán an dé ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tó padà délé, ó ti lé lẹ́ni ogún ọdún dáadáa, ó taagun, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tóbi bí abẹ̀bẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló mọ̀ ọ́n gbá, bọ́ọ̀lù ló sì pinnu láti fi ṣiṣẹ́ ṣe.

Ilẹ̀kùn tó tì pa

Ọdún 1946 ni wọ́n dá líìgì tó padà wá di NBA sílẹ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan nínú rẹ̀. Kò sí òfin kan lórí ìwé tó sọ pé kí wọ́n má gbà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn olówó ẹgbẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ló máa lọ.

Clifton kọ́kọ́ wà pẹ̀lú New York Rens, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Harlem lọ́dún 1923, tó sì borí nínú ìdíje àgbáyé àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1939. Nígbà tó di ọdún 1948, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ Harlem Globetrotters, tí Abe Saperstein ń darí. Àwọn wọ̀nyí ń rìn káàkiri ni, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù dá àwọn èèyàn lára yá, wọ́n á jù ú gba ẹ̀yìn, wọ́n á yí i lórí ìka, ẹ̀rín á sì máa pa òǹwòran. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé aláwàdà lásán ni wọ́n ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1948, kí Clifton tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n pàdé Minneapolis Lakers, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó lágbára jù lọ, wọ́n sì na wọ́n pẹ̀lú àmì 61 sí 59. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún na wọ́n. Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó tún lè fi gbogbo ẹnu sọ pé aláwọ̀ dúdú kò mọ̀ ọ́n gbá tó.

Síbẹ̀, ìgbà tó di ọdún 1950 ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Èèyàn mẹ́ta ló jọ ti ilẹ̀kùn náà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ẹgbẹ́ Boston Celtics yan Chuck Cooper, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ NBA yàn nígbà tí wọ́n ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ní oṣù karùn-ún, New York Knicks ra ìwé àdéhùn Clifton lọ́wọ́ Globetrotters, òun náà sì tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ 24. Nígbà tó di ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, Earl Lloyd ti ẹgbẹ́ Washington Capitols ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ pápá. Ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, ni Clifton gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tirẹ̀ fún Knicks.

Ẹ bá wa ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni lọ́jọ́ náà. Nínú eré tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé ọdún márùndínlógójì, ìdajì ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé.

Òmìrán tó ń wo awò ojú

Ìdí tí Knicks fi wá Clifton lọ kò ṣòro láti mọ̀. Ọkùnrin kan wà nínú líìgì náà tó ń jẹ́ George Mikan, sẹ́ńtà Minneapolis Lakers. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́wàá ni gíga rẹ̀, ó máa ń wo awò ojú tó nípọn lórí pápá, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ní sáà 1950 sí 1951, ó lé ní àmì 28 tó ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le débi pé àwọn aláṣẹ NBA yí òfin padà nítorí rẹ̀ lọ́dún 1951. Àyè kan wà tí wọ́n fàlà sí níwájú apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń wá ọ̀nà àtijẹ àmì kò sì gbọdọ̀ dúró sínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni ìbú àyè náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di méjìlá kí Mikan lè jìnnà sí apẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Knicks nígbà náà ni Joe Lapchick. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe sẹ́ńtà rí fún ẹgbẹ́ Original Celtics ní àwọn ọdún 1920, ó sì ti bá Rens, ẹgbẹ́ àtijọ́ Clifton, ta kàn-ńgbọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì márùn-ún ni Lapchick ga, nígbà ayé tirẹ̀, òmìrán ni wọ́n kà á sí. Ayé ti yí padà kó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní òmìrán lánàá ti di ẹni kúkúrú.

Báwo ni ẹni tí kò ga tó ṣe ń kojú irú Mikan? Ẹni tó bá ti wo ìjàkadì rí nílé wa mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni kúkúrú kì í bá ẹni gíga na ọwọ́ sókè, abẹ́ rẹ̀ ló ń wọ̀. Sẹ́ńtà kúkúrú ní láti tètè dé ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí, kó fi ìdí àti ẹ̀yìn ti ẹni gíga náà sẹ́yìn, kó tẹ orúnkún rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró gbọin. Tó bá ti gba àyè náà, gíga ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, torí ọwọ́ ẹni tó wà níwájú ni bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, kó máa sáré. Kó jẹ́ kí òmìrán náà máa sáré tẹ̀lé e láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì títí àárẹ̀ á fi mú un.

Ọlọ́run fún Clifton ní ohun mẹ́ta tó fi dí àlàfo ínṣì tí kò ní. Ó lágbára, ó lè ti ẹni tó ga jù ú lọ kúrò ní àyè rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé ó lè fi ẹyọ ọwọ́ kan gbá bọ́ọ̀lù mú bí ẹni mú ọsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà lọ. A ò sọ pé ó dá Mikan dúró pátápátá o, kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ọkùnrin náà laágùn kó tó jẹ àmì kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan kọ́ ló sì ṣe é. Harry Gallatin, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Knicks, kò ga jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló já bọ́ọ̀lù gbà jù lọ nínú gbogbo NBA ní sáà 1953 sí 1954. Ẹgbẹ́ àwọn tí kò ga ni Knicks, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹran rírọ̀.

Lọ́dún 1951, sáà àkọ́kọ́ tí Clifton lò pẹ̀lú wọn, Knicks dé àṣekágbá. Rochester Royals na wọ́n nínú ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Knicks dìde, wọ́n borí nínú mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Nínú ìkeje tó jẹ́ àjàmọ̀gá, Royals fi àmì 79 sí 75 gba ife. Lọ́dún 1952, Knicks tún dé àṣekágbá. Mikan àti Lakers ni wọ́n bá pàdé, ìdíje náà tún wọ ìkeje, Lakers ló sì borí. Lọ́dún 1953, wọ́n tún pàdé, Lakers fi mẹ́rin sí ọ̀kan na wọ́n. Ohun tó tún dun àwọn ará New York ni pé lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àwọn eléré sákọ́ọ̀sì ló ń lo gbọ̀ngàn Madison Square Garden lásìkò náà, gbọ̀ngàn kékeré tó jẹ́ ti àwọn ológun ni Knicks ti ń gbá àṣekágbá tiwọn. Àṣekágbá mẹ́ta léra wọn, kò sí ife kankan.

Ohun tó ná an

Tí èèyàn bá ń wo ìwé àkọsílẹ̀ nìkan, kò ní rí Clifton dáadáa. Bí àmì mẹ́wàá ló ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó sì ń já bọ́ọ̀lù bíi mẹ́jọ gbà. Iye yẹn dára, kò sì pabanbarì. Àmọ́ ẹ rántí irú ẹni tó jẹ́ kó tó dé Knicks. Ní Globetrotters, òun wà lára àwọn tí òǹwòran ń sanwó torí wọn, nítorí àrà tó ń fi bọ́ọ̀lù dá. Ní Knicks, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó dí ẹni tó ga jù lọ́wọ́, kó já bọ́ọ̀lù gbà, kó sì gbé e fún ẹlòmíràn láti jù wọlé. Ó fi àrà sílẹ̀, ó gbé ẹrù. Òpómúléró ló ń gbé òrùlé dúró, ṣùgbọ́n òrùlé ni àlejò máa ń yìn.

Ti àwọ̀ ara rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní àwọn ìlú kan, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú NBA kò lè sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sùn sí, wọn kò sì lè jókòó jẹun pẹ̀lú wọn. Clifton kì í ṣe oníjàngbọ̀n, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló jẹ́rìí sí i pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Síbẹ̀, ìtàn kan wà tó gbajúmọ̀, pé nínú ìdíje ìgbáradì kan, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ funfun kan bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀. Clifton fi ẹ̀ṣẹ́ dá a lóhùn, ọkùnrin náà sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde láti gbèjà rẹ̀, wọ́n wo Clifton lójú, wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rọra padà jókòó.

Ìgbà tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, lọ́dún 1957, ni wọ́n tó yàn án fún ìdíje àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù NBA. Ní ọjọ́ orí tí ẹlòmíràn ti ń kó ẹrù rẹ̀ relé, ni ti Clifton ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Lẹ́yìn sáà náà, Knicks fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Pistons, ó lo sáà kan péré pẹ̀lú wọn ní Detroit, ó sì kúrò nínú NBA lọ́dún 1958. Ó tún padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń rìn káàkiri. Nígbà tí Saperstein dá líìgì tuntun sílẹ̀ lọ́dún 1961, Clifton bá wọn gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Chicago Majors, bẹ́ẹ̀ ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Orúnkún tó ń dùn ún ló padà lé e kúrò lórí pápá.

Lẹ́yìn ọkọ̀ takisí

Owó tí wọ́n ń san fún agbábọ́ọ̀lù nígbà ayé rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn lè fi kọ́lé méjì, ká má tíì sọ ti owó ìfẹ̀yìntì. Clifton padà sí Chicago, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa takisí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà á. Ọ̀pọ̀ èrò tó ń gbé láti ibì kan dé ibòmíràn kò mọ̀ pé ẹni tó wà nídìí ìdarí náà ti bá George Mikan figagbága lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1990 ni àìsàn ọkàn kọ lù ú nínú takisí náà, ó sì dákẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni.

Ọlá tó tọ́ sí i dé, ó kàn pẹ́ ni. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Knicks fi orúkọ rẹ̀ sọ àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ń ṣe dáadáa láàárín ìlú New York. Lọ́dún 2014, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn àwọn akọni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó wà ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé fíìmù kan jáde lórí ìgbésí ayé rẹ̀.

Ṣé ẹni tí kò ga tó lè wá ṣe sẹ́ńtà? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é, tó bá lágbára nísàlẹ̀, tó bá mọ àyè gbà, tó sì gbà láti ṣe iṣẹ́ tí kò lóríyìn. Àwọn tó tẹ̀ lé Clifton ti fi hàn. Wes Unseld, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì méje lọ, gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú NBA lọ́dún 1969, nínú sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ gan-an, ó sì gba ife pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1978. Lọ́dún 2015, nígbà tí àṣekágbá le, Golden State Warriors fi Draymond Green, tóun náà ga tó bẹ́ẹ̀, sí ipò sẹ́ńtà, wọ́n sì gba ife.

Nítorí náà, ínṣì kọ́ ló jẹ Clifton níyà jù. Nǹkan bí ínṣì mẹ́rin ni Mikan fi ga jù ú, agbára àti ọgbọ́n sì dí púpọ̀ nínú àlàfo yẹn. Àmọ́ ọdún 1946 ni Mikan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún 1950 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún Clifton. Ọdún mẹ́rin yẹn, nígbà tí ara rẹ̀ le jù lọ, kò sí agbára tàbí ọgbọ́n kankan tó lè dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ díwọ̀n ọmọ kan, kó ṣọ́ra. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n lára ọmọ náà lè má jẹ́ ohun tó ń dí i lọ́nà.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Sweetwater Clifton da omi dídùn síwájú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù náà. Àwọn tó bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, títí kan ọmọ Èkó tó ga sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà méje, ni wọ́n wá rìn lórí rẹ̀.